Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Kẹ̀kẹ́ Ológeere Bu Ọlá fún Ológun, àti Bó Ṣe Lè Rí Láti Ìkọ̀lé dé Adó

Ní ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní, lọ́dọọdún, Nàìjíríà máa ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó bá ogun lọ. Ààrẹ á ṣe tirẹ̀ l'Ábújá, gómìnà kọ̀ọ̀kan á ṣe tirẹ̀ ní olú ìlú ìpínlẹ̀. Wọ́n á to pàréèdì, wọ́n á gbé òdòdó ẹ̀yẹ kalẹ̀, ṣọ́jà á yìnbọn sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹnì kan á fun fèrè ìdágbére, gbogbo èrò á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á sì tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti ń ká àga. Obìnrin tó wà ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìkọ̀lé l'Ékìtì, tí ọkọ rẹ̀ kú sí Làìbéríà nígbà tó bá ECOMOG, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ, orí rédíò ló ti máa gbọ́ pé wọ́n ti ṣe é.

Ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n ń gbà ṣe é láwọn ilẹ̀ kan. Ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ni yóò gun kẹ̀kẹ́ ológeere, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa gbé ìrántí náà láti ìlú dé ìlú, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kì í ṣe eré ìje, kò sẹ́ni tó ń gba ife ẹ̀yẹ. Bí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, kí n sì fi ojú ọ̀nà tiwa wò ó, èyí tó ti Ìkọ̀lé gba Ọ̀yẹ́ àti Ìfàkì bọ́ sí Adó-Èkìtì.

Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn gan-an ni Soldier Ride ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó dá a sílẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe ṣọ́jà. Chris Carney, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta ọtí nílé ọtí ní Long Island, ló gbéra ní 2004 láti Montauk, létí òkun ìlà-oòrùn, tó sì gun kẹ̀kẹ́ dé San Diego, létí òkun ìwọ̀-oòrùn, tó ń tọrọ owó fún àwọn tó fara gbọgbẹ́ lógun Iraq àti Afghanistan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó fara gbọgbẹ́ fúnra wọn bọ́ sójú ọ̀nà: Ryan Kelly tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti lọ, àti Heath Calhoun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti lọ, tó ń fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Ìgbà náà ni nǹkan yí padà. Ẹni tí wọ́n ń torí rẹ̀ tọrọ owó ló wá di ẹni tí èrò ń sáré bọ̀ wá wò. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ Help for Heroes, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, ṣe tiwọn ní 2008, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ kọjá láwọn pápá tí ogun ti jà nílẹ̀ Faransé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé nǹkan òyìnbó ni. Ní 1952, Ọlábísí Àjàlá, ọmọ Yorùbá tó ń kàwé ní Chicago, gun kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀ dé Los Angeles, 2,280 máìlì, ní ọjọ́ 28. Ẹ pín in wò: ó lé ní 80 máìlì lójúmọ́. Kì í ṣe ológun, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe lójú ọ̀nà ni ẹ wò. Tó bá dé ìlú, á dúró, á bá èrò sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà, pẹ̀lú agbádá lọ́rùn. Kẹ̀kẹ́ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, aṣọ ló pe èrò, ọ̀rọ̀ ló sì torí rẹ̀ wá.

Ìlọ́ra ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. Ọkọ̀ gómìnà máa ń la Ọ̀yẹ́ kọjá pẹ̀lú fèrè kí ọmọdé tó ráyè juwọ́. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Omi á tán lọ́wọ́ rẹ̀, táyà á bẹ́, ebi á pa á, ilẹ̀ á ṣú bá a. Ó di dandan kó yà, ibi tó bá sì yà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbà á. Nítorí náà, ó kù tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí kẹ̀kẹ́ gbéra ni àwọn tó ń ṣètò ti gbọ́dọ̀ lọ kí Ẹlẹ́kọ̀lé ní Ìkọ̀lé, kí wọ́n lọ kí Ọlọ́yẹ́ ní Ọ̀yẹ́, kí wọ́n bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n bá àwọn ìyá ìjọ àti àwọn ìyá Ìsàlámù sọ̀rọ̀. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, tó ní ọgbà ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìkọ̀lé, lè kó akẹ́kọ̀ọ́ jáde. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá fi máa gbéra, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Níbi ìyàlọ́nà kọ̀ọ̀kan, orúkọ ni wọ́n ń kà. Orúkọ àwọn ọmọ ìlú náà nìkan, kì í ṣe ti gbogbo ìpínlẹ̀: ẹni tó lọ sí ogun Bọ́mà, ẹni tó lọ sí Kóńgò, ẹni tó kú nínú ogun abẹ́lé, ẹni tó lọ sí Làìbéríà àti Sàró, ẹni tó kú ní Borno lọ́wọ́ Boko Haram. Kò sí ibi kan tí àkọsílẹ̀ yìí pé sí. Ọ̀dọ̀ ẹbí ni wọ́n ti ń wá a, lọ́dọ̀ àwọn àgbà Nigerian Legion, àti lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ òkú sí. Bí ẹbí bá ní fọ́tò, kí wọ́n gbé e wá. Mo rò pé apá yìí ló ṣòro jù, ó ju òkè gígùn lọ, nítorí pé ẹbí méjì lè máa jiyàn lórí orúkọ kan.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbàgbé Ìrè-Èkìtì nítorí pé kò sí lójú títì gan-an. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ ló wà. Ìlú Ògún Onírè ni, bẹ́ẹ̀ Ògún ló ni ìbọn, òun náà ló ni irin kẹ̀kẹ́. Onígbàgbọ́ tó bá wà nínú wọn lè dúró lójú títì kó máa mu omi, kò sẹ́ni tó máa fi tipátipá mú un. Ayédé náà wà nítòsí, ìlú tí Èṣùbíyìí jagunjagun tẹ̀ dó nígbà tí ogun ń dà gbogbo agbègbè yìí láàmú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ìlú yìí ti mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ́ ológun sí kí òyìnbó tó mú pàréèdì dé.

Ìdí tí wọ́n fi ń yan kẹ̀kẹ́ fún ẹni tó fara gbọgbẹ́ ṣe kedere tí ẹ bá mọ ohun tí ìbọn ń ṣe sí eegun. Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Ẹmùrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ní 1942 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 16. Ní oṣù Kẹta, 1944, ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, àwọn ọmọ ogun Japan ká wọn mọ́, ìbọn fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ló kù, àwọn ará abúlé sì gbé wọn pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé. Ó padà sílé, ó pẹ́ láyé, ní 2012 ló kú, ṣùgbọ́n títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ló ń tiro. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè sáré. Gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá gbé ẹsẹ̀ sáré ni ìwúwo ara ń já lu orúnkún. Lórí kẹ̀kẹ́, ìjókòó ló gba ìwúwo, ẹsẹ̀ kàn ń yí ni, orúnkún ń lọ ó ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà láìsí ohun tó ń gbá a.

Ẹni tó ń lo ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà lè gùn ún, àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fún un. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kò mọ̀ bóyá òun wà lórí pẹ́dà tàbí òun ti yọ̀ kúrò, nítorí náà wọ́n á fi okùn dè é mọ́ pẹ́dà, kí wọ́n má dè é le jù, kó lè tètè yọ tó bá ń ṣubú. Bí orúnkún kò bá ká tán, wọ́n á fi apá pẹ́dà tó kúrú sí i kí ẹsẹ̀ má baà gòkè jù. Ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ rárá á lo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń fi ọwọ́ yí. Irú kẹ̀kẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa, a máa ń rí i lábẹ́ àwọn tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ bá jà nígbà èwe. Èyí tí wọ́n fi ń rìn jìnnà ló ní jíà, tó sì sún mọ́lẹ̀.

Jíà gan-an, ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí òkè Èkìtì. Ṣéènì ló so àgbá eléyín iwájú, èyí tí ẹsẹ̀ ń yí, mọ́ ti ẹ̀yìn, èyí tó ń yí táyà. Bí ti iwájú bá ní eyín 48, tí ti ẹ̀yìn sì ní 16, bí ẹsẹ̀ bá yí ẹ̀ẹ̀kan, táyà á yí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ìyẹn dára lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Lórí òkè, ó túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ kan ní láti ti gbogbo ara àti kẹ̀kẹ́ gòkè fún ìyí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá yí ṣéènì lọ sórí àgbá kékeré níwájú àti ńlá lẹ́yìn, ká ní 32 àti 32, ẹsẹ̀ á yí ẹ̀ẹ̀kan, táyà náà á yí ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ kò ní yára, àmọ́ ẹ ó dókè. Ọ̀pọ̀ Raleigh àtijọ́ tí àwọn bàbá wa fi ń gbé kòkó kò ní ju jíà kan lọ. Nítorí náà, tí wọ́n bá dé ibi òkè, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wọ́n á máa tì í. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣọ́jà ẹni ọdún 60 tó sọ̀ tó ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè, èrò ẹ̀gbẹ́ títì á tún pàtẹ́wọ́ fún un jù.

Ẹni tó bá mọ òkè gùn ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Tí bíréèkì bá di ríìmù mú láìsinmi, ríìmù á gbóná, gbígbóná yẹn lè bẹ́ tíúùbù tó wà nínú táyà. Ẹ máa di bíréèkì mú, kí ẹ tú u, kí ẹ tún dì í. Tẹ̀yìn kọ́kọ́, kí tiwájú tó tẹ̀ lé e.

Ní ti táyà tó bẹ́, fọkanáísà ẹ̀gbẹ́ títì tó ń lẹ táyà ọ̀kadà lè lẹ ti kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ má gbójú lé e. Gbogbo ẹni tó ń gùn ún ló yẹ kó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ méjì tú táyà kúrò lára ríìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á fa tíúùbù jáde, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ omi. Ibi tí omi bá ti ń hó ni ihò wà. Wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ títí á fi rí ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n á fi sólúṣàn pa á, wọ́n á sì dúró. Ìdúró yìí ni ọ̀pọ̀ kì í ní sùúrù fún. Tí sólúṣàn bá ṣì tutù, rọ́bà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn á ṣí kí wọ́n tó dé ìlú kejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ìka tẹ inú táyà yíká, nítorí ẹ̀gún tàbí ìṣó tó gún un lákọ̀ọ́kọ́ lè ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí Japan ya wọ Malaya ní oṣù Kejìlá, 1941, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun wọn ló gun kẹ̀kẹ́, tí táyà bá sì bẹ́, orí ríìmù lásán ni wọ́n ń gùn lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé Singapore, tó ṣubú ní oṣù Kejì, 1942. Ẹ má dán ìyẹn wò lójú títì Ìfàkì.

Àsìkò tí ìjọba yàn, láìmọ̀ọ́mọ̀, ló dára jù fún kẹ̀kẹ́. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 11, oṣù Kọkànlá ni ìrántí yìí, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe é láti òpin Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ní 1918. Nàìjíríà gbé e sí 15 oṣù Kìn-ín-ní nítorí pé ọjọ́ náà ní 1970 ni Philip Effiong, tó ṣojú Biafra, wá sí Èkó láti fi òpin sí ogun abẹ́lé. Àsìkò ọyẹ́ ni. Òjò kò sí, títì gbẹ, ooru kò mú kó tó ọ̀sán. Àríwá ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, Ìkọ̀lé sì wà ní ìlà-oòrùn Ọ̀yẹ́, Adó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn wọn. Ẹni tó bá gbéra láti Ìkọ̀lé, ọyẹ́ á máa ti í lẹ́yìn lọ. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni eruku. Láàárọ̀, awakọ̀ kì í rí ọ̀ọ́kán dáadáa, nítorí náà kí wọ́n má gbéra kí ojú tó mọ́ kedere, kí iná pupa sì wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ètè á bó, kí wọ́n mú òrí dání.

Ká fi ọ̀nà náà sí bí 60 kìlómítà. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè gùn ún ní wákàtí mélòó kan. Àmọ́ ìyàlọ́nà ni iṣẹ́, nítorí náà ọjọ́ méjì ló yẹ é: ọjọ́ 13, Ìkọ̀lé sí Ọ̀yẹ́, kí wọ́n sùn síbẹ̀; ọjọ́ 14, Ọ̀yẹ́ sí Ìfàkì, Ìwòròkó, Adó. Omi tó ìdajì lítà sí lítà kan ni ara ń fẹ́ fún wákàtí kan, pẹ̀lú iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀, nítorí ọyẹ́ ń gbẹ òógùn lára kí ènìyàn tó mọ̀ pé òun làágùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀pà, ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni kí wọ́n jẹ. Iyán ni gbogbo ìlú máa fẹ́ fi ṣe wọ́n lálejò, ọmọ Èkìtì wo ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Kí wọ́n fi í sílẹ̀ di alẹ́.

Ààbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní 29 oṣù Kìn-ín-ní, 2024, wọ́n yìnbọn pa ọba méjì, Onímojò ti Ìmojò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn, lójú ọ̀nà ní agbègbè Òkè-Àkó, bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti ìpàdé. Nítorí èyí ni mi ò fi dá a lábàá pé kí wọ́n gbéra láti Òmùò tàbí láti ọ̀nà Kàbbà. Ọkọ̀ kan níwájú, ọkọ̀ kan lẹ́yìn, Àmọ̀tẹ́kùn àti ọlọ́pàá nínú wọn, Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó láti dá ọkọ̀ dúró ní ìkóríta Ìfàkì. Kí wọ́n kọ̀wé sí wọn ní kùtùkùtù, kí wọ́n sì gbé ẹ̀dà lẹ́tà náà dání, torí ẹni tó fọwọ́ sí i lè má wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Owó tí wọ́n fẹ́ kó jọ fún àwọn opó wá ńkọ́? Báàjì ìrántí tí gómìnà máa ń ṣí lọ́dọọdún, àwọn olówó ló ń rà á lówó ńlá lójú kámẹ́rà. Ti kẹ̀kẹ́ yàtọ̀: kìlómítà ni wọ́n ń tà. Ènìyàn á ní òun á san ₦200 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí bàbá ṣọ́jà kan bá gùn. Bí bàbá bá gun 60, ₦12,000 nìyẹn. Bí 50 ènìyàn bá ṣe bẹ́ẹ̀, ₦600,000. Bí bàbá bá dúró lórí 40, owó náà á dín, ẹni tó ṣèlérí á sì máa bi èèyàn léèrè pé, "Ṣé wọ́n ti dé Ìfàkì?" Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò náà. Ẹni tó ra báàjì kì í béèrè nǹkan kan mọ́. Kí wọ́n yọ owó epo ọkọ̀ àti ti oúnjẹ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ pé inú owó opó ni wọ́n ti máa mú un, kí wọ́n sì ka ìṣirò náà létí gbogbo èrò níbi kan náà tí wọ́n ti ka orúkọ.

Adó ni ìrìn náà ń lọ nítorí Adékúnlé Fájuyì. Wọ́n bí i ní Adó ní 1926, ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1943, ó gba àmì ẹ̀yẹ Military Cross fún ìwà akọni tó hù ní Kóńgò ní 1961 nígbà tó yọ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ nínú ibùba. Òun ni gómìnà ológun ìwọ̀-oòrùn nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ wá mú àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, ní Ìbàdàn ní 29 oṣù Keje, 1966, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń sọ ni pé ó kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Ó kú kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ogun náà parí ni a sì ń fi ṣe ìrántí rẹ̀.

Fájuyì Park ni kí wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 14. Ètò ọjọ́ 15 ti ní àwọn tó ni ín, àwọn olóyè ìjọba ti to àga sílẹ̀, wọn kì í sì í fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ já lu pàréèdì. Nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ á ṣí sílẹ̀. Wọ́n á ka gbogbo orúkọ tí wọ́n ti kó bọ̀ láti ìlú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé òdòdó tiwọn kalẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn á jókòó. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀ padà sí Ìkọ̀lé. Ẹni tó bá ní òun á gùn ún padà lè gùn ún, àmọ́ iwájú ni ọyẹ́ á ti máa kò ó.